Aṣọ wo ni kí n wọ̀ lé aṣọ wo? Ìrìn ọjọ́ kan nínú yìnyín, òtútù -20°C

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gun òkè kan nínú yìnyín, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ lè wọ -15°C tàbí -20°C, afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́ gan-an lókè. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó nípọn dáadáa, òun ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé tí mo bá ti wọ T-shirt sábẹ́ rẹ̀, tí mo wọ jíǹsì sí ìsàlẹ̀, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní n ó kú sọ́nà. Ṣé ó kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí ni àbí òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Òkè

Àbúrò, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bu iyọ̀ sí i. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn móoru, n kò jiyàn. Ó móoru jù ni. Tí o bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kò ní pẹ́ tí òógùn yóò fi rin T-shirt yẹn gbindin-gbindin. O ò ní fura nígbà tí o ṣì ń rìn. Ìgbà tí ẹ bá jókòó sinmi ni ojú rẹ máa là. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń fà á lọ. Ẹni tó bá làágùn nínú òtútù -20°C, àfi bíi pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ da omi lé ara rẹ̀ lórí.

Aṣọ kì í ṣe iná, kò lè mú ooru wá. Ara rẹ ló ń ṣe ooru. Iṣẹ́ aṣọ ni pé kó dá afẹ́fẹ́ dúró sí àyíká ara kí ooru náà má bàa sá lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mẹ́ta tá a wọ̀ léra fi sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, tí ooru bá sì mú ọ, o lè bọ́ ọ̀kan, kí ó ku méjì.

Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó lẹ̀ mọ́ra, kó lè máa gba òógùn lára rẹ kó sì máa gbé e jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń ṣe iṣẹ́ ooru: fleece (aṣọ pọ́líẹ́stà tó rí múlọ́múlọ́), tàbí súwẹ́tà onírun àgùntàn. Èyí tó wà lóde pátápátá, kó ti afẹ́fẹ́ àti yìnyín sẹ́yìn. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá tìrẹ yẹn, má jù ú nù o. Inú báàgì ló máa wà. Màá padà sórí rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Ẹ jẹ́ kí n gbe Bàbá lẹ́sẹ̀: òwú ni ọ̀tá rẹ. T-shirt rẹ, òwú. Jíǹsì rẹ, òwú. Pátá rẹ náà lè jẹ́ òwú, gbogbo èèyàn ló sì máa ń gbàgbé pátá! Òwú máa ń mu omi, ó máa ń di omi náà mú, kì í tètè gbẹ, tó bá sì ti tutù, kò lè mú ara móoru mọ́. Jíǹsì tó bá rin nínú òtútù yẹn á gan bíi pákó mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Irun àgùntàn yàtọ̀. Ó lè gba omi tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ kó tó di pé o mọ̀ ọ́n lára, tó bá sì rin tán, ó ṣì ń gbìyànjú díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní merino kì í yúnni lára, kì í sì í tètè rùn. Pọ́líẹ́stà máa ń gbẹ kíá jù ú lọ, ó sì lágbára, àmọ́ tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn tí ẹ jọ wà nínú àgọ́ kò ní nílò kí o kí wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé o ti wọlé. Fún ìrìn ọjọ́ kan, mú èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì.

Àwọn ará Norway tún ní aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tí wọ́n hun bí àwọ̀n ẹja, ihò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí o bá wọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n inú ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ ń dúró sí, òógùn sì ń ráyè kọjá. Èmi kì í lọ láìsí tèmi.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, ó ti ń yé mi. Ṣé kí n wá wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìsàlẹ̀ òkè, kí n gbé ńlá yẹn lé e, ká máa lọ?

Bàbá Òkè

Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ó yẹ kí òtútù máa mú ọ díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o, n kò ní kí o máa gbọ̀n. Tí ara bá ti tù ọ́ pẹ̀sẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí, aṣọ ti pọ̀ jù lára rẹ. Fún ìrìn ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, ara á móoru. Kó tó di pé òógùn yọ ni kó o ti ṣe nǹkan sí i: ṣí síìpù ọrùn, ṣí síìpù abẹ́ abíyá bí jákẹ́ẹ̀tì rẹ bá ní i, yọ fìlà, yọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Tí ìyẹn kò bá tó, bọ́ fleece. Má sọ pé ó dìgbà tí ẹ bá débi ìsinmi. Má sì tijú láti dá àwọn yòókù dúró. Ẹni tó ń kanra nítorí ìṣẹ́jú kan, òun náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo òtútù tó bá yá. Bí o kò bá sì fẹ́ dúró, dín ìrìn kù. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ kì í mú òógùn wá, ó sì máa ń dé ibi tó ń lọ.

Wàyí o, jákẹ́ẹ̀tì ńlá. Gbàrà tí ẹ bá dúró, kí o tó mu omi, kí o tó jẹun, kí o tó ya fọ́tò, fà á yọ, kí o sì wọ̀ ọ́ lé gbogbo ohun tó wà lára rẹ, títí kan èyí tó ń dènà afẹ́fẹ́. Má bọ́ nǹkan kan kí o tó wọ̀ ọ́. Ooru tí ìrìn náà mú wá ṣì wà lára rẹ nígbà yẹn, ńṣe lo fẹ́ ká a mọ́lé. Tó bá jẹ́ pé o ti ń gbọ̀n kó o tó máa wá a, yóò pẹ́ kí ara tó bọ̀ sípò. Nítorí náà, òkè pátápátá nínú báàgì ni kó wà, kó sì fẹ̀ tó láti gba aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá há mọ́ ọ, yóò tẹ afẹ́fẹ́ jáde láàárín àwọn aṣọ náà, ooru lọ nìyẹn.

Tó bá ku ìṣẹ́jú kan kí ẹ gbéra, bọ́ ọ, dá a padà sínú báàgì. Ibẹ̀ ló máa ń dunni jù.

Ayàwòrán

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó ń rìn ni ọ̀rọ̀ yín bá mu. Àwa tá a máa ń dúró sójú kan ńkọ́? Ẹyẹ ni mò ń yà, mo lè lúgọ síbì kan fún wákàtí méjì láì mira. Bí mo bá fi òtútù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òtútù ńlá ni n ó fi parí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Aṣọ díẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Tí mo bá débẹ̀, mo máa ń bọ́ èyí tó kan ara, kí n wọ òmíràn tó gbẹ, kí n tó wá kó gbogbo ẹrù aṣọ lé e. Ó le láti bọ́ra níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ sì ti to aṣọ gbígbẹ sílẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣòkòtò tí wọ́n ki ìhùùhù sí, tó ní síìpù láti ìbàdí dé kókósẹ̀, ló tún gbà mí: mi ò ní bọ́ bàtà kí n tó wọ̀ ọ́.

Èkejì ni fóòmù. Ilẹ̀ tó dì máa ń fa ooru gba àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn, ìbọ̀sẹ̀ kò sì lè dá a dúró. Ẹ gé fóòmù pẹrẹsẹ kan, ẹ dúró lé e. Ó kéré lójú, àmọ́ ẹsẹ̀ yín á dúpẹ́.

Bàbá Òkè

Òótọ́ ọ̀rọ̀. N kò ro tiyín mọ́ ọn. Àbúrò, ìwọ náà mú fóòmù yẹn, torí ẹ máa jókòó jẹun, ìdí tó bá kan yìnyín kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ má wo òtútù nìkan, ẹ wo afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Nínú ìṣirò tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ti ń lò láti 2001, tó bá jẹ́ -10°C, tí afẹ́fẹ́ sì ń sá eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, bíi -18°C ni yóò rí lára awọ tó wà níta. Tó bá jẹ́ -20°C pẹ̀lú kìlómítà 30, ó ti di bíi -33°C. Ní ìwọ̀n yẹn, awọ tí kò ní ìbòrí lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ìyẹn ni pé lórí òkè tí àbúrò wa ń lọ yẹn, ojú gbọ́dọ̀ ní ìbòrí, bí fìlà tó bo orí, ọrùn àti ẹnu pọ̀, àti awò ńlá tó bo ojú tí afẹ́fẹ́ bá le.

Imú, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ni òtútù ń kọ́kọ́ jẹ. Ìwé sábà máa ń ní kẹ́ ẹ wá awọ tó pupa tàbí tó funfun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípupa yẹn kì í hàn dáadáa. Ẹ wá ibi tó ṣá, tó di àwọ̀ eérú ju agbègbè rẹ̀ lọ, tó ń dán, tó le díẹ̀, tí kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ojú ara ẹni kò ṣeé rí, torí náà kí ẹ máa wo ojú ara yín. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ o. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró.

Tó bá ṣì wà ní kùtùkùtù, ẹ ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ abíyá, tàbí kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná bo imú náà títí tí yóò fi padà. Ẹ má fi yìnyín pa á. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ má nà án síwájú iná, nítorí pé kò mọ nǹkan, yóò jó kí ẹ tó mọ̀. Tó bá ti le gbandi, ilé ìwòsàn ló kàn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 37°C sí 39°C, ni wọ́n fi ń yọ́ ọ. Tó bá ṣeé ṣe kó tún dì lójú ọ̀nà, ẹ má tíì yọ́ ọ rárá, torí ìdì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló burú jù.

Ẹ tún máa ṣọ́ ẹni tó bá ń kọsẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí kò lè fa síìpù tirẹ̀, tó ń bínú láìnídìí. Ooru inú ara rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ ju 35°C lọ. Ẹni tó ń gbọ̀n rìrì tí ìgbọ̀n náà wá dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara rẹ̀ móoru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó rìn mọ́. Aṣọ gbígbẹ, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, fóòmù lábẹ́, kí ẹ sì pe àwọn agbẹ̀mílà. Ọtí ńkọ́? Ọtí máa ń ṣí òpójẹ̀ awọ sílẹ̀, ara á dà bíi pé ó ń gbóná, ooru inú sì ń tú jáde.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rù wá ń bà mí jù tẹ́lẹ̀ lọ báyìí 😅 Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì. Jákẹ́ẹ̀tì ti òde, ṣé dandan ni kó jẹ́ èyí tí omi kò lè wọ̀?

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Ní -20°C? Òjò wo ló fẹ́ rọ̀? Yìnyín ibẹ̀ gbẹ, o lè gbọ̀n ọ́n dànù. Èyí tí omi kò lè wọ̀ kì í jẹ́ kí òógùn tètè jáde, tó bá sì tutù tó bẹ́ẹ̀, òógùn náà á dì sí inú rẹ̀. Mo ti rí i tí yìnyín ń já sílẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì èèyàn nígbà tó ṣí síìpù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kàn ń dènà afẹ́fẹ́, tó sì ń mí, ló dára jù níbẹ̀.

Bàbá Òkè

Mo gbà fún -20°C. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ gbàgbé pé ojú ọjọ́ lè yí. Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù kì í ṣe -20°C, 0°C ni: yìnyín tó ń bọ́, tó ń yọ́ lára èèyàn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tó kàn ń dènà afẹ́fẹ́ á rin, fleece á rin, tí jákẹ́ẹ̀tì oníhùùhù bá sì rin, á ṣù pọ̀, ooru inú rẹ̀ á sì pòórá. Ẹni tó ń lọ síbi tó sún mọ́ òdo, kó mú èyí tí omi kò lè wọ̀, kó sì jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì ìsinmi rẹ̀ jẹ́ oníhùùhù àtọwọ́dá, torí ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tó bá rin. Ti ẹyẹ fúyẹ́, ó sì móoru jù ú lọ, àmọ́ ibi gbígbẹ ni tirẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Mo gbà. Kó wo ìròyìn ojú ọjọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó mú ọ̀kan. Tó bá wà láàárín, kó ká èyí tí omi kò lè wọ̀ sínú báàgì.

Akàwéṣeré

Kẹ́ ẹ má rò pé àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ló dá ọgbọ́n yìí. Àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá ayé tó tutù jù, ti ń wọ awọ caribou (ẹranko kan tó dà bí àgbọ̀nrín) ní ìpele méjì láti ayébáyé: ti inú, irun rẹ̀ kọjú sí ara, ti òde, irun rẹ̀ kọjú síta. Ihò wà nínú irun ẹranko yẹn, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Aṣọ náà máa ń fẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè gba ọrùn jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn Netsilik, tí wọ́n jẹ́ Inuit, ni Roald Amundsen, arìnrìn-àjò ará Norway, ti kọ́ ọ kó tó lọ dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní 1911. Aṣọ tí George Mallory, agunkè ará Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ lọ sórí Everest ní 1924 náà, sílíkì, òwú àti irun àgùntàn léra wọn ni, pẹ̀lú gabardine (aṣọ tí wọ́n hun pinpin tó ń dènà afẹ́fẹ́) lóde. Wọ́n rán irú rẹ̀, wọ́n sì dán an wò lórí òkè náà ní 2006, ó ṣiṣẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ti sọ gbogbo nǹkan nípa àyà, ẹ gbàgbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, níbi tí ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀: má wọ méjì nínú bàtà tó há. Bó bá há, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọmọ ìka, ìka tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í móoru, kódà kó wọ mẹ́wàá. Ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn, bàtà tó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ tó o fi lè mi ọmọ ìka rẹ nínú rẹ̀. Mú ìbọ̀sẹ̀ mìíràn dání nínú ọ̀rá, kó wà ní gbígbẹ. Tí okùn bàtà bá ti fún jù, tú u díẹ̀.

Ìbọ̀wọ́: èyí tí gbogbo ìka wà pa pọ̀ nínú rẹ̀ móoru ju oníka márùn-ún lọ, torí àwọn ìka ń fi ooru ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ oníka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí o lè fa síìpù láìjẹ́ pé awọ rẹ kan irin. So ti òde mọ́ ọrùn ọwọ́ pẹ̀lú okùn. Ìwọ á rò pé ti ọmọdé nìyẹn, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀kan lọ lórí òkè, ta ló máa sáré tẹ̀ lé e?

Fìlà: wọ́n máa ń sọ pé ìdajì ooru ara ló ń gba orí jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀, orí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ara lọ. Ṣùgbọ́n fìlà ló rọrùn jù láti yọ àti láti dé padà, ìdí tí mo fi ń mú méjì nìyẹn, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan nípọn.

Àwọn tó bá ń gbé ọmọ dání: ọmọ tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn kì í rìn. Ẹ̀yin ń làágùn, òun ń dì. Ẹ má fi ara yín wọn tirẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ látẹ̀yìn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Kí okùn ohun tẹ́ ẹ fi gbé e má sì há mọ́ ọn ní itan.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó péye: merino lókè, fleece, jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́. Ìsàlẹ̀: ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ pọ́líẹ́stà kan tó lẹ̀ mọ́ra, fleece fẹ́lẹ́ kan, ṣòkòtò afẹ́fẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá, ìbọ̀sẹ̀ àti fóòmù nínú báàgì. Jíǹsì ti padà sínú àpótí.

Bàbá Òkè

Yọ fleece ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, kì í tètè tutù tí o bá ń rìn. Bí o bá ń bẹ̀rù, fi sínú báàgì, àmọ́ ṣòkòtò kò rọrùn bọ́ lójú ọ̀nà.

Ayàwòrán

Fóònù rẹ, àpò inú ni kó wà, kó sún mọ́ ara. Bátìrì máa ń kú kíá nínú òtútù. Omi mímu náà, dojú ìgò rẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì. Òkè omi ló kọ́kọ́ ń dì, ẹnu ìgò á wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí kò tíì dì.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan ló kù. Awò ojú ni mo fi ń ríran. Tí mo bá bo ẹnu, èémí mi á bo awò náà, mi ò ní rí ọ̀nà mọ́.

Ìyá Ìbejì

Tí ẹ bá ń gun òkè, fa ìbòrí ẹnu wá sí abẹ́ imú, kí èémí gba iwájú jáde. Tí afẹ́fẹ́ bá wá le, wá èyí tó ní wáyà pẹlẹbẹ níbi imú, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí èémí má bàa gba òkè. Má sì gbé awò náà sórí fìlà nígbà ìsinmi, ooru orí ni yóò fi rin, á sì dì.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Mú awò kejì dání, sínú àpò tó sún mọ́ àyà. Èyí tó bá ti dì, má fi ìbọ̀wọ́ nù ún, wàá fín in lára. Pààrọ̀ rẹ̀, kí o jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀.